Ní Birmingham, Níbi Tí Wọ́n Ti Pàtẹ́wọ́ fún Cleverly

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ìlà àwọn ènìyàn fi ti gùn gbọọrọ ní Centenary Square, láàárín ìlú Birmingham. Irin gíga ni wọ́n fi sé gbogbo àyíká náà mọ́. Àwọn ọlọ́pàá dúró wámúwámú, ojú wọn ń ká gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó bá máa wọlé á fi báàjì ọrùn rẹ̀ hàn, á tú àpò rẹ̀ palẹ̀, á kó kọ́kọ́rọ́ àti fóònù sínú abọ́ ike, kó tó lè fẹsẹ̀ tẹ inú ICC, ilé àpérò ńlá tí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative, àwọn tí wọ́n ń pè ní Tóri, ti ń ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn bọ̀ láti ọjọ́ Àìkú.

Mo bá wọn tò. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà níwájú mi, òyìnbó tó wọ kóòtù búlúù, tí báàjì oríṣiríṣi kún àyà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé agbòjò dání. Bàbá náà ní láti ayé Thatcher, aṣáájú wọn àtijọ́, lòun ti ń wá sí ìpàdé yìí, òun ò sì rí ọdún tí wọ́n nà wọ́n bíi tọdún yìí rí. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ o. Bí ẹ bá rí bí inú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ń dùn, ẹ ò ní mọ̀ pé òkú ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ṣì ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́.

Ìnà náà kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti wà lórí àlééfà, àwọn ará Bìrìtìkó fi ìbò lé wọn kúrò. Nínú 650 àga tó wà ní ilé aṣòfin, 121 péré ló ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ náà rí látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Rishi Sunak, tó jẹ́ olóòtú ìjọba, ní òun ti gbé ipò aṣáájú jù sílẹ̀, ó kàn ń dúró kí wọ́n rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló wá dágbére fún wọn ní Birmingham. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yéé bu ara wọn jẹ, kí wọ́n gbárùkù ti ẹni yòówù tó bá jáwé olúborí. Lẹ́yìn náà ó bá tirẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ lójú mi títí ìpàdé fi tú. Àwọn mẹ́rin tó ń du àga rẹ̀ ni gbogbo ojú wà lára wọn: Kemi Badenoch, Robert Jenrick, James Cleverly àti Tom Tugendhat.

Ọmọ wa wà nínú wọn. Mo mọ̀ pé ohun tó mú ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń ka èyí jókòó tì í nìyẹn, nítorí náà ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi í pamọ́. Olúkẹ́mi Adégòkè ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Wimbledon, ní London, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1980, Èkó ló sì dàgbà sí. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ìyá rẹ̀, ó sì lọ sí ilé ìwé International School tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó padà sí London. Badenoch ni orúkọ ọkọ rẹ̀.

Bí ènìyàn bá ti kọjá ibi àyẹ̀wò, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan ló máa bọ́ sí, tí òrùlé rẹ̀ ga fíofío, tó la ilé náà já dé etí omi odò àfọwọ́gbẹ́ tó wà lẹ́yìn. Níbẹ̀ ni ọjà wà. Mo ń pè é ní ọjà torí pé mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é: olùdíje kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀ tirẹ̀, ó ní àwọn ọmọ tó ń bá a polówó, wọ́n ń na ọwọ́ sí gbogbo ẹni tó ń kọjá, wọ́n ń fúnni ní èènì kí a tó ra ohunkóhun. Àwọn ọmọlẹ́yìn Jenrick dé fìlà tí wọ́n kọ “We Want Bobby J” sí níwájú orí. Ní ìsọ̀ Kemi, “Renewal 2030” ni wọ́n kọ gàdàgbà, ìyẹn ni pé ọdún 2030 ni kí wọ́n fojú sí, nígbà tí wọ́n bá ti padà sí ìjọba. Tugendhat ló pa gbogbo wọn láyò níbi ìpolówó. Wọ́n ń lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ènìyàn lára bí ẹni fín ara. Wọ́n tún ní ìgò kékeré kan tí wọ́n ń pín, tí wọ́n ń pè ní Tugend-tan. Ìpara ni, irú èyí tí òyìnbó máa ń fi para kí awọ ara rẹ̀ lè pọ́n bí ẹni pé oòrùn ti pa á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pín in na ìgò kan sí mi. Ó wo ìgò náà, ó wo awọ mi, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó má ṣèyọnu, màá rí ẹni fún. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ẹni tó bá fi ojú ilé wo ìpàdé yìí ti lè ṣì í mú ni bí wọ́n ṣe ń yan aṣáájú. Lọ́dọ̀ wa, aṣojú la máa ń kó jọ. Nígbà tí APC fẹ́ yan olùdíje fún ipò ààrẹ ní Eagle Square l'Ábújá, lóṣù Kẹfà ọdún 2022, aṣojú mẹ́ta mẹ́ta ló wá láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ̀rọ̀ mọ́jú, wọ́n dìbò mọ́jú, wọ́n ka ìbò náà lójú gbogbo ayé, Bọ́lá Tinúbú sì fi ìbò 1,271 gbégbá orókè. Ẹni tó bá wà ní pápá yẹn lè sọ pé ojú òun ló ṣe.

Ní Birmingham, ìbò ẹyọ kan ò bọ́ sínú àpótí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, tí wọ́n fi jẹun, tí wọ́n fi mutí, tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó yan ẹnikẹ́ni. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ náà ní Westminster ló ń yọ àwọn olùdíje lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án, Priti Patel ní ìbò 14, ó gba ilé lọ. Ọjọ́ kẹwàá, ó kan Mel Stride. Àwọn mẹ́rin tó kù ni wọ́n kó wá síwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Birmingham kí wọ́n wá rí wọn, kí wọ́n gbọ́ ohùn wọn. Lẹ́yìn ìpàdé, àwọn aṣòfin á tún yọ ẹni méjì, ẹni méjì tó bá kù á wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, olúkúlùkù á sì dìbò láti ilé rẹ̀, yálà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nípa lẹ́tà, títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ni o, bó ti wù kó kéré mọ. Ìyá arúgbó tó ń gbé abúlé, tí kò jáde nílé láti ọdún mẹ́ta, ìbò tirẹ̀ àti ti ẹni tó wọ kóòtù olówó ńlá ní ICC, ọ̀kan náà ni.

Owó náà kò gbẹ́yìn. Lọ́dún 2024 náà, ẹni tó bá fẹ́ dé Birmingham gẹ́gẹ́ bí olùdíje ní láti san £50,000 fún ẹgbẹ́. Àwọn méjì tó bá dé ìpele ìkẹyìn á tún fi £150,000 lé e. Tí a bá ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí náírà ìgbà náà, ó lé ní irinwó mílíọ̀nù. Nígbà tí APC gba ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà fún fọ́ọ̀mù lọ́dún 2022, a pariwo pé kò síbi tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ láyé. Wọ́n ń ṣe é. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tiwọn ní òfin tó so iye tí olùdíje lè ná mọ́lẹ̀, orúkọ ẹni tó bá sì fún wọn lówó ńlá máa ń jáde nínú ìwé tí gbogbo ènìyàn lè kà.

Mo gbéra kúrò nídìí àwọn ìsọ̀, mo gba àtẹ̀gùn lọ sókè. Àwọn yàrá kéékèèké ló wà níbẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ oríṣiríṣi ń ṣe ìpàdé tiwọn sí: àwọn tó ń rojọ́ owó orí, àwọn tó ń rojọ́ ilé, àwọn ilé ìwé ìròyìn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó gbóná ti ń jáde, kì í ṣe gbọ̀ngàn ńlá. Kemi ò tilẹ̀ dúró dìgbà tí yàrá máa kún. Lọ́jọ́ Àìkú tí ìpàdé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni Times Radio fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ni ẹnu bá kó bá a: ó ní owó ìsinmi ìbímọ tí wọ́n ń san fún àwọn obìnrin ti pọ̀ jù. Láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní wọ́n yí ọ̀rọ̀ òun po ni, pé àjàgà òfin tí ìjọba gbé lé àwọn oníṣòwò lọ́rùn lòun ń bá wí, pé òun tó bímọ mẹ́ta ò lè kórìíra abiyamọ. Ìgbà tó yá, ó tún ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà, bíi márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n burú débi pé ẹ̀wọ̀n ló yẹ wọ́n. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wo àwọn ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà kì í gbọ́ ìjà kó má yà síbẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà láàárín àwọn obìnrin tiwa mọ irú ẹ̀ dáadáa, àbúrò ìyá tí kì í jẹ́ kí àlejò parí ọ̀rọ̀ kó tó dá a lóhùn. Àwọn òyìnbó kan fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀, wọ́n ní ó láyà. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnu yẹn máa kó gbogbo ẹgbẹ́ sí gbèsè.

Jenrick náà ò ṣàì rìn lórí òkúta. Ó gbé fídíò kan jáde níbi tó ti sọ pé àwọn ọmọ ogun àkànṣe Bìrìtìkó ń pa àwọn agbésùmọ̀mí dípò kí wọ́n mú wọn láàyè, pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ló fà á. Tugendhat tó ti ṣiṣẹ́ ológun, àti Cleverly tóun náà wọṣẹ́ ọmọ ogun, bínú sí i ní gbangba. Ọkùnrin yìí ti pinnu pé òun máa gba ọwọ́ ọ̀tún kọjá gbogbo ènìyàn. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin òun ń jẹ́ Thatcher mọ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn àgbàlagbà nínú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta tíì ni ọmọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan ti gbọ́ mi tí mò ń sọ Yorùbá lórí fóònù. Ó dúró kí n parí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kẹ́mi lẹ wá wò?”

Mo ní gbogbo wọn ni mo wá wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má purọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó wá kàwé, ìwé ti parí, ó ti gba ìwé iṣẹ́. Mo bi í bóyá ó rò pé wọ́n á gbé ipò náà fún Kemi.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí ò fẹ́ rí wa ní bọ́dà! Ṣé olórí ni wọ́n wá fẹ́ fi wá jẹ?” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Èmi ò fẹ́ràn bó ṣe máa ń bu Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n tó bá wọlé, màá yọ̀ díẹ̀. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi o.”

Mo bi í ta ló dìbò fún lóṣù Keje. Ó wò mí bí ẹni wo ẹni tí kò mọ nǹkan tó ń sọ. Ó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lòun ń lò, báwo lòun ṣe máa dìbò? Mo ní ó lè dìbò. Kò gbà mí gbọ́. Wọ́n pè é lórí rédíò rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn ńlá ti kún kí aago tó lù. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tugendhat ló kọ́kọ́ jáde, ọkùnrin tó dára, tó mọ ọ̀rọ̀ ogun àti ti ilẹ̀ òkèèrè dáadáa. Wọ́n tẹ́tí sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn ló máa pa á, mo wí lọ́kàn ara mi, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀wọ̀ nìkan dìbò.

Cleverly ló tẹ̀lé e. Ìyá rẹ̀ wá láti Sierra Leone, agbẹ̀bí ni. Òun náà ga, ó tóbi, ohùn rẹ̀ sì wọlé. Àforíjì ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí àwọn tó jókòó síbẹ̀ má bínú, pé àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ ti já wọn kulẹ̀. Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ ná, kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìṣe wọn dà bíi ti ọmọ ènìyàn tó ń gbé láàárín ènìyàn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n yéé kanrí mọ́ gbogbo ayé. Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí fìlà Bobby J wà ní itan rẹ̀, dìde pẹ̀lú wọn. Mo rí i tó mú fìlà náà, tó tì í sínú àpò.

Jenrick jáde láìsí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ lórí pèpéle, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe àlàyé. Ó ní kí Bìrìtìkó jáde nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní kíá, kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ̀lú dúró. Pàtẹ́wọ́ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ó ti há ọ̀rọ̀ náà sórí jù, mo rí i lára rẹ̀.

Kemi ló kẹ́yìn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó dúró títí pàtẹ́wọ́ fi rọlẹ̀, kó tó lanu. Ó sọ pé ètò ìjọba fúnra rẹ̀ ló ti bàjẹ́ ní Bìrìtìkó, pé ẹni yòówù tí wọ́n bá fi síbẹ̀ kò ní rí i tún ṣe àfi tí wọ́n bá tú u palẹ̀ tí wọ́n sì tún un tò. Ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló kà ní yunifásítì, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ ìjọba bí ẹni tó ṣí ìdí ẹ̀rọ wò. Lẹ́yìn náà ló wá mẹ́nu kan ibi tó dàgbà sí. Ó ní ibi tí ẹ̀rù ti wà níbi gbogbo ni. Ó ní wọ́n á ti ìlẹ̀kùn, wọ́n á tún padà lọ wò ó bóyá ó tì. Ó ní òun máa ń ta jí lóru tóun bá gbọ́ ìró, tóun á máa gbọ́ igbe àwọn aládùúgbò tí olè wọ ilé wọn, tí wọ́n ń lù wọ́n, òun á sì máa rò ó bóyá ilé àwọn ló kàn.

Gbọ̀ngàn náà pa lọ́lọ́. Àwọn òyìnbó tó jókòó sí ìlà tèmi ń mi orí.

Mo mọ òru tó ń sọ. Ẹni tó bá gbé Èkó nígbà ìjọba ológun mọ̀ ọ́n: irin ní fèrèsé, irin ní ẹnu ọ̀nà, géètì àdúgbò tí wọ́n ń tì bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn adigunjalè tí wọ́n ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. Irọ́ kọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n ó ku ìdajì ọ̀rọ̀ náà tí kò sọ. Kò sọ ti àwọn bàbá tó ń fi oorun sílẹ̀ láti ṣọ́ àdúgbò ní òru tiwọn, tí wọ́n ń lu irin òpó iná láti sọ fún ara wọn pé mo wà lójúfò. Kò sọ ti ìyá tó ń gbé ọmọ aládùúgbò sá wọlé mọ́ tirẹ̀. Bó bá sọ ọ́, kò ní bá ọ̀rọ̀ tó wá sọ mu, nítorí pé ìtàn ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ewu ló fẹ́ sọ, kí àwọn tó ń gbọ́ ọ lè dúpẹ́ pé ilẹ̀ wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣèlú ni. Mi ò lè sọ pé ó burú ju ti àwọn yòókù, àmọ́ ó dùn mí. Wọ́n dìde fún un, wọ́n pàtẹ́wọ́ dáadáa. Kò tó ti Cleverly.

Ní ọ̀nà àbájáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́. Bàbá oníbáàjì ní Cleverly ni. Ọmọ tó ń pín ìpara ní Cleverly ni, ó sì jẹ́ ọmọlẹ́yìn ẹlòmíràn. Àwọn akọ̀ròyìn tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ. Tó bá jẹ́ pé Eagle Square ni, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti gbé àsíá fún un.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá, àwọn aṣòfin dìbò. Cleverly ló síwájú pẹ̀lú 39, Jenrick ní 31, Kemi ní 30, Tugendhat ní 20, ó sì gba ilé lọ. Ogún ìbò wá wà nílẹ̀ tí àwọn mẹ́ta tó kù máa pín. Gbogbo ẹni tó mọ ìṣirò ti sọ pé Cleverly ti dé ìpele ìkẹyìn, ẹni tó máa bá a du ú ni kí wọ́n wá. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún dìbò. Kemi 42. Jenrick 41. Cleverly 37. Ìbò tirẹ̀ dín kù! Àwọn tó wà nínú yàrá níbi tí wọ́n ti ka èsì náà pariwo háà. Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbà pé àwọn kan lára àwọn tirẹ̀ ló yá ẹlòmíràn ní ìbò, kí wọ́n lè bá a yan alátakò tó rọrùn láti nà. Wọ́n fi ọgbọ́n àgbọ́njù gbé ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣubú. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, torí pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí náà ló máa ń kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń ṣe òṣèlú.

Ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ni Bob Blackman, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ náà, ka èsì ìkẹyìn ní London. Kemi Badenoch ní ìbò 53,806, Jenrick ní 41,388. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá kan ní Bìrìtìkó. Iye ọmọ ẹgbẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò jẹ́ 131,680. Lọ́dún 2022, nígbà tí Liz Truss na Sunak nínú ìdíje fún ipò aṣáájú yìí kan náà, 172,437 ni wọ́n. Ó lé ní ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn tó ti kúrò láàárín ọdún méjì, àga tí wọ́n sì gbé fún un, igi rẹ̀ ti jẹrà nísàlẹ̀.

WhatsApp wa gbóná lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ti ń wá ìdílé rẹ̀ kiri, àwọn kan ń gbàdúrà kí ọmọ tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí orin fi yí padà. Igbákejì ààrẹ Kashim Shettima ní bó bá ń tàbùkù Nàìjíríà, kó kúkú yọ Kemi kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Kemi fèsì pé Yorùbá lòun jẹ́, pé kò sí ohun tó pa òun pọ̀ mọ́ àwọn ará àríwá níbi tí Boko Haram wà. Ni àwa náà bá pín sí méjì: àwọn kan ń yọ̀ pé ó jẹ́wọ́ wa, àwọn kan ní irú ìjẹ́wọ́ yẹn, tó ń fi aládùúgbò gún wa lójú, kó gbé e padà. Èmi ń bá àwọn kejì lọ. Ṣùgbọ́n mo tún sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé àwa kọ́ la yàn án. Kò tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa rí. Àwọn 53,806 tó dìbò fún un ló ń bá sọ̀rọ̀ látìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò sì dé Birmingham.

Èyí ló mú mi padà sórí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Bìrìtìkó, tẹ́ ẹ ní ìwé ìgbélùú, ẹ gbọ́ o: ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún méjìdínlógún, tó ń gbé ibẹ̀ lọ́nà òfin, lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò sílé aṣòfin àti sí káńsù, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú àjọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ yín ní ibùdó ìdìbò gẹ́gẹ́ bí ìwé ìdánimọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn Kemi, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kórìíra rẹ̀, ẹ tètè lọ.